Yìnyín Ń Tán Lójú Òkun: Bí Ìpẹ̀kun Ayé Ṣe Ń Da Ojú Ọjọ́ Rú

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ọdún 2013, òjò rọ̀ ní ilẹ̀ Yamal, ní ìhà àríwá Rọ́ṣíà, níbi tí ilẹ̀ ti na ọwọ́ wọ inú Òkun Kara. Ó fi ọ̀sán àti òru rọ̀. Ẹni tí kò mọ ibẹ̀ lè béèrè pé kí ló burú nínú òjò. Ní àsìkò yẹn nínú ọdún, òjò olómi kọ́ ló yẹ kó máa rọ̀ ní Yamal, òjò dídì tó fúyẹ́ bí òwú ni. Nígbà tí òjò náà dá, òtútù padà dé, ó sì mú gan-an. Gbogbo omi tó ti rin òjò dídì inú pápá gbingbin wá dì gbagidi. Àfi bí ẹni fi gíláàsì bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àwọn ọmọ Nenets tó ń da ẹran níbẹ̀ ni ọ̀ràn náà já lé lórí. Reindeer ni wọ́n ń sìn, ẹran tó fara jọ àgbọ̀nrín, tó ń fi pátákò wa òjò dídì kó lè rí ewéko jẹ lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó rọ̀ kò ṣòroó wà. Èyí tó ti di òkúta, pátákò kò ràn án. Àwọn ẹran náà dúró lórí oúnjẹ wọn, wọn kò rí i jẹ. Kó tó di pé ìgbà òtútù náà parí, nǹkan bí 61,000 reindeer ti kú, ebi ló sì pa wọ́n. Ìdílé tó ti ń da ẹran láti ìran dé ìran di aláìní láàárín oṣù díẹ̀.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, òkun ni wọ́n tọ̀ ọ́ dé. Yìnyín tó yẹ kó ti máa bo Òkun Barents àti Òkun Kara nígbà yẹn kò tó bó ṣe yẹ kó tó. Omi tó ṣí sílẹ̀ gbalasa ń tú ooru àti ọ̀rinrin sókè, afẹ́fẹ́ gbé e wọ ilẹ̀, ó sì di òjò. Ìtàn Yamal ni mo fi ṣíwájú nítorí pé ẹran àti ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ yìnyín ìpẹ̀kun ayé, a máa ń gbọ́ ọ bí ìròyìn ibi tó jìnnà, tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Yìnyín tó tán lójú òkun kì í dúró sí ojú òkun. Ó ń gun afẹ́fẹ́ lọ sí ilé onílé.

Yìnyín orí òkun yàtọ̀ sí yìnyín orí ilẹ̀

Ẹ bu omi sínú ife, ẹ ju yìnyín mélòó kan sí i, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí omi náà dé lára ife. Ẹ padà wá wò ó nígbà tí yìnyín bá ti yọ́ tán. Omi náà wà níbi tó wà. Yìnyín tó ń léfòó ti gba àyè tirẹ̀ nínú omi láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì yọ́, àyè yẹn náà ló dí.

Bẹ́ẹ̀ ni yìnyín orí òkun rí. Omi òkun fúnra rẹ̀ ló dì. Nítorí iyọ̀ inú rẹ̀, kì í dì ní òdo bíi ti omi odò, àfi tó bá tutù dé nǹkan bí 1.8 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá yọ́, ohun tó ń fi kún gíga òkun kò tó nǹkan. Èyí tó ń mú kí òkun kún ni yìnyín orí ilẹ̀, ìyẹn òjò dídì ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tó ṣù jọ di òkè ńlá ní Greenland, nítòsí ìpẹ̀kun àríwá ayé, àti Antarctica, ní ìpẹ̀kun gúúsù. Bí ti Greenland nìkan bá yọ́ tán, òkun á fi ohun tó lé ní mítà méje ga sí i. Ọ̀rọ̀ ńlá ni ìyẹn náà, ṣùgbọ́n òun kọ́ là ń sọ lónìí. Yìnyín orí òkun kò ní láti mú òkun kún kó tó ṣe ayé ní jàǹbá. Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀.

Láti ọdún 1979 ni sátẹ́láìtì ti ń ṣọ́ yìnyín yìí láti òkè. Ní Òkun Arctic, ìyẹn òkun tó wà ní ìpẹ̀kun àríwá ayé, oṣù Kẹta ló máa ń fẹ̀ jù, oṣù Kẹsàn-án ló sì máa ń kéré jù, nígbà tí oòrùn bá ti fi gbogbo ìgbà ooru yọ ọ́. Yìnyín oṣù Kẹsàn-án yìí ti ń dín kù ní ìwọ̀n tó lé ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ní ọdún 2012, ó sún kì títí ó fi ku mílíọ̀nù 3.41 kìlómítà níbùú lóròó, kò sì tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí sátẹ́láìtì ti ń kà á. Ti ìgbà òtútù pàápàá ń jò. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ìgbà tó yẹ kó kún dé etí, mílíọ̀nù 14.33 ló mọ, òun ló sì kéré jù nínú gbogbo oṣù Kẹta tí wọ́n ti kà títí di ìgbà náà.

Fífẹ̀ nìkan kọ́ ni ká máa wò. Yìnyín ní ọjọ́ orí. Èyí tó bá la ìgbà ooru já láìyọ́ máa ń nípọn sí i ní ọdún kejì, iyọ̀ inú rẹ̀ á máa ro dànù, á sì le. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, bí ìdá kan nínú mẹ́ta yìnyín Arctic ló ti lo ju ọdún mẹ́rin lọ. Lónìí, irú rẹ̀ kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún mọ́. Èyí tó gba gbogbo ibẹ̀ báyìí ni ọmọ ọdún kan, tó fẹ́lẹ́, tí ìjì lè fọ́ wẹ́wẹ́, tí oòrùn sì tètè ń jẹ tán. Àwọn Inuit, ọmọ ìbílẹ̀ àgbègbè náà, tó ń gba orí rẹ̀ lọ ṣọdẹ kò nílò ìṣirò kí wọ́n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí àwọn bàbá wọn ń gbà kọjá láìfòyà, àwọn ní láti fi ọ̀kọ̀ gún un wò kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ lé e.

Funfun di dúdú

Ẹni tó bá ti wọ aṣọ dúdú dúró nínú oòrùn ọ̀sángangan rí ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Yìnyín tí òjò dídì bò lójú òkun máa ń dá ìdá 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán oòrùn padà sójú sánmà. Èyí tí òjò dídì ti yọ́ kúrò lórí rẹ̀ ń dá ìdá 50 sí 70 padà. Omi òkun ńkọ́? Nǹkan bí ìdá mẹ́fà péré ló ń dá padà, ó gbé ìyókù mì. Nǹkan díẹ̀ ló wà láyé tó funfun tó òjò dídì, díẹ̀ ló sì dúdú tó òkun jíjìn, àwọn méjèèjì yìí ló wá ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn lójú wa.

Bí yìnyín bá yọ́ níbì kan, omi tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ á fa ooru oòrùn, ooru náà á yọ yìnyín tó wà létí rẹ̀, omi mìíràn á tún ṣí sílẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn tó ṣírò rẹ̀ rí i pé láàárín ọdún 1979 sí 2011, àfikún ooru tí ayé fà nítorí pé funfun orí Òkun Arctic dín kù tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tí carbon dioxide, gáàsì tó ń dá ooru dúró sínú afẹ́fẹ́, tó pọ̀ sí i láàárín ọdún wọ̀nyẹn fà. Òkun kan ṣoṣo nìyẹn o, èyí tó kéré jù nínú gbogbo òkun ńláńlá ayé.

A kò lè sọ pé a kò mọ̀. Ní ọdún 1896, ọ̀gbẹ́ni Svante Arrhenius, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí carbon dioxide bá pọ̀ sí i nínú afẹ́fẹ́. Ó fi ti òjò dídì tó ń yọ́ kún ìṣirò náà, ó sì rí i pé ìhà ìpẹ̀kun ayé ni ooru náà yóò ti le jù. Ní ọdún 1980, Syukuro Manabe àti Ronald Stouffer fi kọ̀ǹpútà ṣe irú iṣẹ́ náà lọ́nà tó jinlẹ̀ gan-an, ibi kan náà ni wọ́n já sí. Manabe gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní ọdún 2021. Ohun tí wọ́n sọ ti ṣẹ: láti ọdún 1979, ìgbóná Arctic fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti gbogbo ayé lápapọ̀.

Ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kì í tètè yéni, òun gan-an ló sì wà nídìí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yamal. Èèyàn á rò pé ìgbà ooru, tí oòrùn ń ràn tọ̀sán-tòru, ni ìgbóná Arctic máa ń fara hàn jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ìgbà ooru, yíyọ́ yìnyín àti mímú omi lọ́wọ́ọ́rọ́ ló ń jẹ ooru náà tán, afẹ́fẹ́ orí òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná. Òkun ń tọ́jú rẹ̀ ni. Nígbà tí oòrùn bá wá wọ̀, tí òtútù dé, omi kò lè dì àfi tó bá kọ́kọ́ tú ooru tó ti tọ́jú sílẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ ló ń tú u sí, láti oṣù Kẹwàá lọ, nínú òkùnkùn. Nítorí náà, ìgbà tó yẹ kó tutù jù ni ìgbóná náà ń le jù.

Ẹ tún wo yìnyín bíi kúbùsù. Ní àárín ìgbà òtútù, afẹ́fẹ́ orí yìnyín lè tutù dé 30 sí ìsàlẹ̀ òdo tàbí jù bẹ́ẹ̀, nígbà tí omi abẹ́ rẹ̀ wà ní nǹkan bí 1.8 sí ìsàlẹ̀ òdo. Yìnyín tí kò nípọn ju mítà kan tàbí méjì lọ ló wà láàárín àwọn méjèèjì, tó sì dá wọn lẹ́kun. Níbi tó bá ti sán, omi tó hàn síta á máa rú èéfín gùdùgùdù bí ìkòkò tí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ lórí iná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi náà fúnra rẹ̀ lè pa èèyàn pẹ̀lú òtútù. Láti ọdún 2019 sí 2020, ọkọ̀ ojú omi Polarstern ti ilẹ̀ Jámánì jẹ́ kí yìnyín há òun mọ́, ó sì ń sún lọ pẹ̀lú rẹ̀, kí àwọn onímọ̀ lè gbé ibẹ̀ wọn gbogbo nǹkan wọ̀nyí lójoojúmọ́. Ojú wọn ni yìnyín tí wọ́n kó irinṣẹ́ lé ṣe ń la, tó ń pa dé, tó tún ń la. Irú ọgbọ́n yìí ni Fridtjof Nansen, ọmọ Norway, ti dá pẹ̀lú ọkọ̀ Fram láti ọdún 1893 sí 1896. Yìnyín ìgbà tirẹ̀ nípọn ju ti àwọn ará Polarstern lọ.

Àwọn tó wà létí rẹ̀

Abúlé Shishmaref wà lórí erékùṣù tóóró kan ní Alaska, ní Amẹ́ríkà. Àwọn Inupiat, ọmọ ìbílẹ̀ Alaska, ló ń gbé ibẹ̀. Tẹ́lẹ̀, tí ìjì ìgbà ìwọ́wé bá máa dé, yìnyín á ti dì sí èbúté, ìgbì á fọ́ sára rẹ̀ lókèèrè kó tó kan ilẹ̀. Ní báyìí, ìjì ń dé, yìnyín kò tíì dé. Ìgbì wá ń já lu etíkun tààràtà, ilẹ̀ tó sì yẹ kó wà ní dídì ní abẹ́ ibẹ̀ ti ń rọ̀, nítorí náà òkun ń bù ú jẹ. Àwọn ilé ti wó. Ní ọdún 2016, àwọn ará abúlé náà dìbò pé àwọn á kó kúrò. Ẹ ronú ohun tó máa ná àgbàlagbà láti dìbò pé kí wọ́n fi ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí sílẹ̀ fún òkun.

Ilẹ̀ dídì yẹn náà kì í ṣe ti Shishmaref nìkan. Ó gba apá ńlá ní Siberia, Kánádà àti Alaska. Ewéko àti ẹran tó ti kú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún wà nínú rẹ̀ bí ohun tí wọ́n tọ́jú sínú ẹ̀rọ amómitutù. Bó bá ti yọ́, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n, carbon dioxide àti methane á sì máa tú jáde, gáàsì méjèèjì tó ń dá ooru dúró sínú afẹ́fẹ́. Òkun tí kò ní yìnyín ń mú afẹ́fẹ́ ilẹ̀ tó yí i ká gbóná, ilẹ̀ náà sì ń dá tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti gbogbo ayé.

Ẹ̀fúùfù òkè: ibi tí àríyànjiyàn wà

Mo fẹ́ ká rọra níbí, torí ibí ni àsọdùn ti pọ̀ jù.

Ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá lókè orí wa, ẹ̀fúùfù líle kan ń ṣàn bí odò láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, ó sì yí àríwá ayé po. Òun ló ń ti ìjì àti ìkùukùu láti ibì kan sí ibòmíràn. Ohun tó ń fún un lágbára ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín òtútù ìpẹ̀kun ayé àti ooru àárín ayé. Ní ọdún 2012, Jennifer Francis àti Stephen Vavrus gbé àbá kan jáde: bí Arctic bá ń gbóná ju ibi yòókù lọ, ìyàtọ̀ náà á dín kù, ẹ̀fúùfù á rẹ̀, á sì máa wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí odò tó dé pẹ̀tẹ́lẹ̀. Níbi tó bá ti lọ́, ojú ọjọ́ kan lè jókòó sí fún ọjọ́ gbọọrọ: ooru tí kò tán, òjò tí kò dá, tàbí òtútù ìpẹ̀kun ayé tó já bọ́ síbi tí wọn kì í ti í retí rẹ̀.

Àbá náà mọ́gbọ́n dání, ó sì wọ àwọn ènìyàn lọ́kàn, nítorí ojú wọn ń rí ohun tó jọ ọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, òtútù já bo Texas ní Amẹ́ríkà, iná mànàmáná kú, omi dì sínú páìpù, àwọn tó kú lé ní igba gẹ́gẹ́ bí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣe kà á. Kíá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ní Arctic tó ń gbóná ló fà á. Àwọn onímọ̀ kan gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀rí tí wọ́n dì mú. Àwọn mìíràn ní ẹ̀fúùfù yẹn ti máa ń lọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, pé bí wọ́n bá mú yìnyín kúrò nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà, ohun tí wọ́n ń rí kéré gan-an, àti pé ooru ilẹ̀ olóoru pàápàá ń fa ẹ̀fúùfù náà sí ọ̀nà mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí láàárín wọn. Ẹni tó bá ń fi gbogbo òtútù àìròtẹ́lẹ̀ gún yìnyín Arctic ń ba ọ̀rọ̀ gidi jẹ́ ni, nítorí lọ́jọ́ tí wọ́n bá já a ní koro, wọn kò ní gba ìyókù gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ti Yamal, ti Shishmaref, ti funfun tó di dúdú, ìwọ̀nyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú.

Iyọ̀ tó ń rì

Ọ̀nà kejì tí ọ̀rọ̀ náà gbà ń kan ibi tó jìnnà gba abẹ́ omi. Bí omi òkun bá ń dì, yìnyín kì í gba iyọ̀ mọ́ra. Ó ń tì í síta. Omi oníyọ̀ tó tì síta tutù, ó sì wúwo, ó ń rì lọ sísàlẹ̀. Ní àwọn ibì kan létí Antarctica, bí i nínú Òkun Weddell, ẹ̀fúùfù láti orí ilẹ̀ máa ń ti yìnyín tuntun kúrò léraléra, omi tó kù á tún dì, á tún ti iyọ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ni omi wíwúwo ń ṣàn bọ́ sínú ọ̀gbun òkun bí omi tó ń ti orí àpáta já, láìsí ẹni tó ń rí i. Omi yẹn ló tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ òkun ayé. Ó gbé afẹ́fẹ́ tí ẹja àti ẹ̀dá inú ọ̀gbun ń mí lọ síbẹ̀, ó sì ń gbé ooru àti carbon dioxide tó ti orí omi wọlé lọ pa mọ́ níbi tí kò ti ní tètè jáde.

Ní àríwá, ìṣàn ńlá kan ń gbé omi gbígbóná gba Òkun Atlantic lọ sókè, ó ń tutù, ó ń rì, ó sì ń padà wá sí gúúsù ní ìsàlẹ̀. AMOC ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Omi tí kò ní iyọ̀ fúyẹ́. Bí yìnyín tó ń yọ́ láti Greenland àti láti ojú òkun bá ń da omi aláìníyọ̀ lé e lórí, rírì náà á ṣòro. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti fi irinṣẹ́ de Òkun Atlantic já láti etíkun kan dé ìkejì, ní ìwọ̀n 26.5 sí àríwá àárín ayé, kí wọ́n lè máa wọn ìṣàn náà. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, IPCC, sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yóò rẹ̀ sí i láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún yìí. Bó bá rẹ̀ gidigidi, Yúróòpù á tutù, àgbègbè òjò ńlá tó yí ilẹ̀ olóoru po á sì sún sí gúúsù. Àwọn tó ń gbin nǹkan lórí òjò yẹn kò tíì fojú kan yìnyín òkun rí láyé wọn.

Antarctica, tó tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí kò gbà pé ayé ń gbóná máa ń na ìka sí gúúsù. Wọ́n á ní bí ti Arctic bá ń dín kù, ti Antarctica ń pọ̀ sí i. Òótọ́ ni wọ́n sọ nígbà yẹn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, yìnyín tó yí Antarctica ká kọjá mílíọ̀nù 20 kìlómítà níbùú lóròó, kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí nínú àkọsílẹ̀ sátẹ́láìtì. Àmọ́ láti ọdún 2016 ló ti yí padà bìrí. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ó ku mílíọ̀nù 1.79. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, tó yẹ kó ti kún, mílíọ̀nù 16.96 ló dé. Ó fi ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan kéré sí èyí tó kéré jù tẹ́lẹ̀. Ẹnu ya àwọn tó ti fi gbogbo ayé wọn kà á pàápàá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹyẹ penguin ọba ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní emperor, ló dùn mí jù níbẹ̀. Orí yìnyín òkun ni wọ́n ń pamọ sí, nínú òkùnkùn ìgbà òtútù. Nígbà tí wọ́n bá pa á, ìhùùhù ló wà lára ọmọ náà, ìhùùhù yẹn kò lè dá omi dúró. Àfi tó bá di nǹkan bí oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní kí ìyẹ́ gidi tó bò ó tán. Yìnyín gbọ́dọ̀ dúró títí di ìgbà náà. Ní ìparí ọdún 2022, ní Òkun Bellingshausen, yìnyín fọ́ kó tó tó àsìkò. Nínú ibùdó márùn-ún tí wọ́n ń ṣọ́ láti sátẹ́láìtì, mẹ́rin ni kò dà bíi pé ọmọ kankan là á já níbẹ̀.

Yìnyín òkun tún ń ṣe odi fún yìnyín ilẹ̀. Ní Antarctica, ó ń pa ìgbì kó má baà máa lu pèpéle yìnyín tó yọ jáde láti orí ilẹ̀. Pèpéle wọ̀nyẹn ló ń dá yìnyín ilẹ̀ dúró kó má ya wọnú omi. Nípa báyìí, yìnyín tí kò lè mú òkun kún fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà èyí tó lè mú un kún.

Àwọn kan ń rí èrè nínú gbogbo èyí. Ọkọ̀ ojú omi ń gba òkè Rọ́ṣíà kọjá láàárín Éṣíà àti Yúróòpù, ọ̀nà náà kúrú, ìjọba sì ń du epo àti gáàsì tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Èéfín dúdú tó ń jáde lára ọkọ̀ wọ̀nyẹn ń bà lé yìnyín, ó ń sọ funfun di dúdú ní kíákíá sí i. Ó dùn mọ́ mi nínú pé àwọn kan ti gbìyànjú láti tètè dá a dúró. Láti oṣù Keje ọdún 2024, ìfòfindè ti bẹ̀rẹ̀ lórí epo wíwúwo tí ọkọ̀ ń lò ní Arctic, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn tí òfin náà kò kàn ṣì pọ̀ jù lójú tèmi. Àdéhùn mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021 sọ pé kí ẹnikẹ́ni má pa ẹja tà ní àárín gbùngbùn Òkun Arctic fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Kò wọ́pọ̀ kí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí i pé àwọn ò ní kó ohun tó wà nílẹ̀ kó tó di pé wọ́n ti kó o bà jẹ́.

Tọ́ọ̀nù kan

Ní ọdún 2016, Dirk Notz àti Julienne Stroeve fi ìṣirò kan síta tí mi ò lè gbàgbé. Wọ́n to carbon dioxide tí ènìyàn ti tú sínú afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n to yìnyín oṣù Kẹsàn-án tó ti dín kù sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n rí i pé wọ́n jọ ń rìn ní ọgbọọgba. Tọ́ọ̀nù kan tí a bá tú sáfẹ́fẹ́ ń mú nǹkan bíi yìnyín tó gùn ní mítà méjì, tó sì fẹ̀ ní mítà kan àtààbọ̀ lọ. Ibi tí tọkọtaya lè sùn sí nìyẹn. Tọ́ọ̀nù kan ni ohun tó ń jáde bí mọ́tò bá jó nǹkan bíi lítà 430 epo bẹntiróòlù, ibi yòówù kí wọ́n ti jó o láyé. Gbogbo ayé ń tú ju bílíọ̀nù 35 tọ́ọ̀nù jáde lọ́dún láti inú epo, gáàsì àti èédú. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣírò rẹ̀: ó lé ní 100,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ́dún kan. Ìdí nìyẹn tí IPCC fi sọ pé ó ṣeé ṣe gan-an kí oṣù Kẹsàn-án kan dé ṣáájú ọdún 2050 tí yìnyín tó kù lórí Òkun Arctic kò ní tó mílíọ̀nù kan kìlómítà níbùú lóròó.

Ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà yẹn ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n sọ̀rètí nù. Òkè yìnyín Greenland, bó bá wó, a kò ní rí i kó padà lójú ayé wa. Ti ojú òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà rí, wọ́n ní kí ìgbà ooru kan má ní yìnyín kankan, kí wọ́n wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ó padà sí ìwọ̀n tí ooru ayé ìgbà náà gbà á láyè láti wà. Bí ìgbóná bá dúró, yíyọ́ náà á dúró.

Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, oòrùn máa ń wọ̀ ní ìpẹ̀kun àríwá, kò sì ní yọ mọ́ fún oṣù mẹ́fà. Omi á kọ́kọ́ kún fún ẹ̀rún yìnyín wẹ́wẹ́ tó rí bí abẹ́rẹ́. Wọ́n á para pọ̀, ojú òkun á wá máa dán bíi pé ẹnì kan da òróró lé e, ìgbì kékeré á sì pa rọ́rọ́ lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á ṣù jọ di àwo róbótó-róbótó, etí wọn á yọ sókè díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbá ara wọn. Bí ìjì bá fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn àwo náà á lẹ̀ mọ́ra wọn, òkun á sì dákẹ́.